Gbólóhùn Tí Káfíńtà Kò Kọ

Yàrá oníbùsùn márùn-ún ni ìyàwó káfíńtà dùbúlẹ̀ sí nílé ìwòsàn. Dókítà àti àwọn aláìsàn yòókù kò gbọ́ Yorùbá. Káfíńtà kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Bí dókítà bá sọ̀rọ̀ tán, ojú rẹ̀ nìkan ni káfíńtà ń wò, ojú ọ̀hún kì í sì í sọ nǹkan kan.

Ọmọ wọn obìnrin, tó ń ṣiṣẹ́ lọ́nà jíjìn, ló gbà á nímọ̀ràn lórí fóònù. "Bàámi, ẹ máa gbọ́ ìròyìn Gẹ̀ẹ́sì aago mẹ́fà àárọ̀ lórí rédíò. Ẹ mú gbólóhùn kan lóòjọ́. Ẹ pè mí, màá túmọ̀ ẹ̀ fún yín."

Ó gbà. Orí àjẹkù pákó ló ń kọ ọ́ sí bó ṣe ń kọ ìwọ̀n ilẹ̀kùn. Lọ́jọ́ kìíní, ó kọ "under control". Ọmọ ní apá ti ká a nìyẹn. Lọ́sàn-án, dókítà fọwọ́ lé ibùsùn. "Under control, Papa."

"Ẹ wo Baba Gẹ̀ẹ́sì!" ni ìyàwó rẹ̀ wí. "Nígbà tí wọ́n ní kẹ́ ẹ lọ síléèwé, orí igi lẹ wà."

Lọ́jọ́ kejì, ó kọ "a turn for the worse" láì mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Kó tó ráyè pe ọmọ, dókítà ti sọ ọ́. Àìsàn ti burú sí i: ìyàwó rẹ̀ kò lè gbórí sókè mọ́.

Ẹni tí ejò bá bù jẹ rí, bó rí ekòló, á sá. Láti ọjọ́ náà, ó ń gbọ́ ìròyìn tán, ọmọ á túmọ̀, rere nìkan ló sì ń kọ. Ó kọ "making good progress". Ìyàwó rẹ̀ dìde jókòó, ó ní kí wọ́n fún òun lómi.

Ṣùgbọ́n ìròyìn àárọ̀ yẹn ti sọ "passed away" nípa arúgbó olórin kan tó kú. Káfíńtà fò ó kọjá. Lọ́sàn-án, ó gbọ́ ọ lẹ́nu dókítà, tó ń sọ ọ́ fún ọmọ ìyá tó wà ní ibùsùn kejì. Wọ́n ti fi aṣọ funfun bo ìyá náà.

Èyí tó bá kọ, á wá bá ìyàwó rẹ̀. Èyí tí kò kọ, á lọ bá ẹlòmíràn nínú yàrá. Ó mọ̀ ọ́n. Síbẹ̀, rere ló ń yàn.

Lọ́jọ́ keje, ìròyìn ní ọkọ̀ ojú omi kan rì. "No survivors." Ohùn oníròyìn kò gbọ̀n.

"Kò sẹ́ni tó yè nìyẹn, Bàámi. Kí ló dé?"

Kò kọ ọ́; ó pa fóònù. Kò bọ́jú. Ilé ìwòsàn ló gbà lọ.

"Ìyá wa, dìde. Wọ bàtà."

"Ṣé dókítà ti ní ká máa lọ ni?"

"Wọ bàtà."

Ó fà á mọ́ èjìká. Lẹ́nu ọ̀nà, ó bojú wẹ̀yìn. Wọ́n ti gbé ẹlòmíràn sórí ibùsùn kejì. Obìnrin mẹ́rin ló ń wò ó. Ó wá ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó lè fi kìlọ̀ fún wọn, kò rí. Kò kọ́ ọ̀kan nínú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.

"Ẹ jáde!" ló wí, ní Yorùbá. "Ẹ bá wa jáde níbí!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín sí bàbá àgbà náà. Ọ̀kan juwọ́ sí i.

Wọ́n ti dé àárín àtẹ̀gùn kí ìyàwó rẹ̀ tó sọ̀rọ̀. "Kí ló dé tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí yín?"

"Wọ́n rò pé mo kí wọn ni."

Nínú yàrá lókè, ẹ̀rọ ẹ̀gbẹ́ ibùsùn kan bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Òmíràn gbà á.

"Má dúró," ló wí.