Bọ́dì Ìrókò

Lọ́rì náà tún ṣubú. Ó fi ẹ̀gbẹ́ òsì lélẹ̀ lórí òkìtì amọ̀ pupa, àwọn àpò iyanrìn kéékèèké tó wà lórí rẹ̀ fọ́n ká, ṣùgbọ́n táyà rẹ̀ ṣì ń yí lófuurufú bí ẹsẹ̀ adìyẹ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dúńbú. Japhet Ìbítóyè, gbẹ́nàgbẹ́nà, dúró tì í pẹ̀lú àpótí rédíò lọ́wọ́, ọ̀pá irin orí àpótí náà nà sókè níwájú imú rẹ̀. Kò rántí ká ìka kúrò lórí bọ́tìnnì.

"Ó di ẹ̀ẹ̀kẹta," ni Àtinúkẹ́ ìyàwó rẹ̀ wí láti ibi tó jókòó sí tó ń ṣa ẹ̀wà. "Bàbá Oyèdìran, ẹ jẹ́ kí nǹkan yìí sinmi. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta ń sáré lẹ́yìn ọkọ̀ ọmọdé! Àwọn aráàdúgbò ti ń yọjú lórí ògiri."

"Kì í ṣe ọkọ̀ ọmọdé."

"Kí ni ká wá pè é?"

Japhet gbé lọ́rì náà dìde. Nígbà àkọ́kọ́ tí lọ́rì náà ṣubú, ẹ̀rín ló rín. Nígbà kejì, ó yẹ táyà rẹ̀ wò. Ìgbà kẹta yìí, ẹ̀rù ló bà á, kò sì fẹ́ kí ìyàwó rẹ̀ rí i lójú òun.

Lọ́rì tí à ń wí yìí kò gùn ju apá àgbàlagbà lọ, síbẹ̀ oṣù mẹ́rin gbáko ni Japhet fi kàn án. Oyèdìran ọmọ wọn, tó ń kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà ní Ìlú Ọba, ló fi ẹ́ńjìnnì kékeré méjì, bátìrì, àti rédíò tí wọ́n fi ń darí nǹkan láti òkèèrè rán ẹnì kan tó ń bọ̀ wálé. Lẹ́tà wà nínú rẹ̀: "Bàbá mi, ẹ bá mi kan lọ́rì sójà ọkọ Àǹtí Keziah, èyí tó máa ń gbé wa la ẹrẹ̀ kọjá lọ sóko. Ìdá kan nínú mẹ́wàá ni kẹ́ ẹ ṣe é. Ẹ má ṣe é lẹ́wà ju bó ṣe wà lọ. Ibi tó bá wọ́, kó wọ́. Igi tí ẹ fi kan ti ńlá ni kẹ́ ẹ fi kàn án. Bí mo bá dé ní Kérésì, èmi ni n ó wà á."

Iṣẹ́ tí ọmọ rán baba yìí dùn mọ́ ọn nínú. Japhet gbé téèpù lọ sí àgbàlá Elijah Ògúnmọ́lá, ọkọ Keziah àbúrò rẹ̀, ó sì wọn lọ́rì náà láti bọ́ńpà dé ẹ̀yìn. Ó fi irin agboòrùn ṣe sìpíríìn, ó gé táyà lára bàtà rọ́bà tó ti já, ó fi ìrókò kan bọ́dì, ó kọ "KÒ SÉWU" síwájú orí rẹ̀ gẹ́gẹ́ bó ṣe wà lára ti ńlá. Kódà, ó fọ́ gíláàsì iná ọ̀tún, nítorí pé ti Ògúnmọ́lá ti fọ́ láti ọdún tó kọjá. Nígbà tó parí, ó ku ọ̀nà tí yóò rìn. Japhet gbé pákó àti okùn tí a so òjé mọ́ lọ sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó wà lẹ́yìn ìlú Ìlọfà, níbi tí àgbàrá ti jẹ ẹ̀gbẹ́ òsì ọ̀nà lọ, ó wọn bí ilẹ̀ ṣe da gẹ̀rẹ́ tó. Ó padà sí Òsí ìlú rẹ̀, ó kó amọ̀ jọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó sì mọ ọ́n bí ọ̀nà náà ṣe da gẹ̀rẹ́ gẹ́lẹ́. Eré ló pè é.

Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ yẹn, lẹ́yìn ìṣubú kẹta, ó ṣe ohun tí oníṣẹ́ ọwọ́ tí kì í tan ara rẹ̀ jẹ ń ṣe. Ó tú òkè bọ́dì náà kúrò, ó fi igi arère tó fúyẹ́ kan òmíràn tó kúrú ju ìyẹn lọ, ó dá àwọn àpò iyanrìn padà sórí rẹ̀, kò dín ọ̀kan, kò fi ọ̀kan kún un. Lọ́rì náà tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó mi orí, ó sì kọjá. Ó wà á lẹ́ẹ̀mẹ́fà, ẹ̀ẹ̀mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló kọjá. Ó dá òkè onírókò padà. Ó ṣubú.

Ta ló sì kan bọ́dì lọ́rì ńlá? Òun náà ni. Lẹ́yìn ogun abẹ́lé ni Ògúnmọ́lá ra lọ́rì náà ní Kàdúná, nígbà tí àwọn sójà ń ta ọkọ̀ wọn tó ti gbó, kò sì sí ẹrẹ̀ tí kò lè là láti Òsí dé Ìdòfin. Ní ọdún méjì sẹ́yìn ni bọ́dì rẹ̀ jẹrà, tí Ògúnmọ́lá ní kí Japhet kan tuntun. Gbogbo gbẹ́nàgbẹ́nà ló mọ̀ pé ìsàlẹ̀ bọ́dì lọ́rì ni wọ́n ń fi igi líle ṣe; arère fífúyẹ́ ni wọ́n ń fi ṣe òkè àti òrùlé. Ṣùgbọ́n Keziah nìkan ni ìyá Japhet bí tẹ̀ lé e. Ṣé arère ni yóò fi ránṣẹ́ sílé ọkọ rẹ̀, kí àwọn ìyàálé ibẹ̀ lè rí nǹkan fi pẹ̀gàn rẹ̀? Ó fi ìrókò ṣe é látòkè délẹ̀. Ògúnmọ́lá ní kó fi ẹsẹ̀ bàtà kan gbé e ga sí i kó lè gba iṣu púpọ̀. Japhet fi méjì gbé e ga. Gbogbo Òsí ló wá wò ó. Wọ́n ní bọ́dì náà yóò pẹ́ ju ẹ́ńjìnnì lọ, ọ̀rọ̀ náà sì wọ Japhet lára bí òróró.

"Ọ̀túnla ni Ẹgbẹ́ Ìyá ìjọ wa ń lọ síbi òkú ní Ìdòfin," ni Àtinúkẹ́ wí. Kò ṣa ẹ̀wà mọ́. Ó ti ń wo lọ́rì tó dùbúlẹ̀ náà. "Lọ́rì Ògúnmọ́lá ni wọ́n ń bá lọ, ọ̀nà Ìlọfà ni wọn yóò sì gbà. Ogójì obìnrin, Keziah ló ń kó wọn lọ. Bí kì í bá ṣe ti orúnkún mi ni, èmi náà ì bá wà níbẹ̀."

"Mo mọ̀," ni Japhet wí.

Ní àárọ̀ Ẹtì, ó gbé lọ́rì kékeré náà sábẹ́ apá, ó lọ sí àgbàlá Ògúnmọ́lá. Hassan awakọ̀ ló kọ́kọ́ bá, tó ń da omi sára táyà. Ọmọ Ìlọrin ni Hassan, kò tíì ju ọdún kan lọ lẹ́nu iṣẹ́ náà.

"Hassan, ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ẹ̀yìn Ìlọfà, báwo ni lọ́rì yìí ṣe máa ń ṣe?"

Hassan bojú wẹ̀yìn kó tó dáhùn. "Baba, kí lẹ gbọ́?"

"Mi ò gbọ́ nǹkan kan. Mò ń bi ọ́ ni."

"Lọ́sẹ̀ tó kọjá," ni Hassan wí, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀, "táyà ọ̀tún méjèèjì kúrò nílẹ̀. Wàláì, Baba, mo gbọ́ bí wọ́n ṣe padà sílẹ̀, gbì! Mo dúró, mo sọ̀kalẹ̀, mo jókòó sẹ́bàá ọ̀nà títí ara mi fi balẹ̀. Iṣu nìkan ni mo sì gbé, kò sí ènìyàn níbẹ̀."

"O sọ fún ọ̀gá rẹ?"

"Kí wọ́n lè ní mi ò mọ ọkọ̀ wà? Awakọ̀ mẹ́ta ni wọ́n ti lé kí n tó dé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi o."

Bí Ògúnmọ́lá ṣe jáde nìyẹn, pẹ̀lú aago olówó iyebíye lọ́wọ́. Bó ti lówó tó, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀ lórí ilẹ̀ tútù.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ káàárọ̀. Ẹ ti gbé ọmọ lọ́rì mi dé! Ẹ wò ó bó ṣe jọ ọ́!"

"Elijah, má jẹ́ kí lọ́rì rẹ gbé àwọn obìnrin yẹn lọ́la. Ó ti ga jù. Ọ̀nà Ìlọfà sì ti bàjẹ́."

Ògúnmọ́lá rẹ́rìn-ín. "Láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi ni ọ̀nà Ìlọfà ti bàjẹ́. Kí ni mo torí ẹ̀ ra ọkọ̀ sójà?"

"Ó ń ṣubú. Mo ti dán an wò."

"Èwo ló ń ṣubú? Èyí tó wà lábíyá yín?"

Àwọn ènìyàn ti ń pé jọ. Japhet wá ibi tó da gẹ̀rẹ́ díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà, ó to àpò iyanrìn sórí lọ́rì, ó fa ọ̀pá rédíò sókè. Lọ́rì kékeré náà gbéra. Ṣùgbọ́n bátìrì rẹ̀ ti ń kú láti àná, ó ń rìn jẹ́jẹ́ bí aboyún tó ń lọ sódò. Bí nǹkan bá ń rìn báyẹn, bó ga tó ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, kò ní ṣubú. Ó la ibẹ̀ kọjá, ó sì lọ dúró lẹ́bàá ẹsẹ̀ Ògúnmọ́lá. Ariwo ẹ̀rín sọ.

"Éè ṣubú o, ó kọjá geere!" ni Ògúnmọ́lá wí. "Hassan, ìwọ tó ń wa ti ńlá, ǹjẹ́ ó ti ṣubú rí?"

Hassan wo Japhet, ó wo ọ̀gá rẹ̀. "Rárá, sà."

"Ṣé ó ń yọ ọ́ lẹ́nu?"

"Kò yọ mí lẹ́nu, sà."

Japhet gbé lọ́rì rẹ̀, ó padà sílé. Ojú ń tì í, inú sì ń bí i, ṣùgbọ́n lábẹ́ ìbínú náà ni ẹ̀rù wà, kò sì kúrò. Nígbà tó ròyìn fún Àtinúkẹ́ tán, obìnrin náà fa àpótí ìjókòó rẹ̀ sún mọ́ ọn.

"Ṣé ẹ sọ fún un pé lọ́rì ga?"

"Mo sọ fún un."

"Ṣé ẹ sọ fún un pé ọ̀nà bàjẹ́?"

"Mo sọ ọ́."

"Ṣé ẹ wá sọ fún un pé ẹ̀yin lẹ ba uṣẹ́ náà jẹ́?"

Japhet ò lè wo ojú rẹ̀. Ogójì ọdún ló ti ń kan nǹkan ní Òsí, kò sì tíì sí ẹni tó gbọ́ ọ kó sọ pé àga kan tó ti ọwọ́ òun jáde wọ́. Ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí òun gbé mì ní àgbàlá yẹn nìyẹn, ọ̀rọ̀ náà nìkan ló sì lè dá lọ́rì yẹn dúró.

Òjò rọ̀ mọ́jú. Nígbà tí Japhet máa fi dé àgbàlá Ògúnmọ́lá láàárọ̀ Sátidé, lọ́rì ti ń kùn, èéfín ti ń jáde. Wọ́n ti di àga ìjọ, ìkòkò ńlá àti iṣu sórí òrùlé. Àwọn obìnrin ti gòkè tán nínú aṣọ funfun wọn, orin ti wà lẹ́nu wọn. Keziah nìkan ló kù nílẹ̀ lẹ́yìn lọ́rì, tó ń ti àpò kan wọlé.

"Ẹ̀gbọ́n mi, kí lẹ ń fi ayùn ṣe láàárọ̀ yìí? Ulé òkú là ń lọ, éè ṣe ibi uṣẹ́."

"Keziah, sọ fún wọn kí wọ́n sọ̀kalẹ̀."

"Ṣé ọ̀rọ̀ àná náà ni? Ọkọ mi ti sọ fún mi." Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nígbà tó wo ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ẹ̀rín náà kúrò.

Japhet gbé ohùn sókè kí gbogbo wọn lè gbọ́. "Ẹ̀yin ìyá, ẹ dákẹ́ orin díẹ̀. Ẹ mọ̀ mí. Èmi ni mo kan bọ́dì tẹ́ ẹ jókòó sínú rẹ̀ yìí. Mo kàn án, kò dáa. Ìrókò ni mo fi ṣe òkè rẹ̀, ibi tó yẹ kí n fi arère ṣe, mo sì gbé e ga ju bí wọ́n ṣe ní kí n gbé e lọ. Òkè rẹ̀ wúwo ju ìsàlẹ̀ lọ. Bó bá dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ẹ̀yìn Ìlọfà, yóò dà yín nù. Kì í ṣe ẹjọ́ ọ̀nà, kì í ṣe ẹjọ́ awakọ̀. Ọwọ́ mi ló ṣe é."

Orin dákẹ́. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí.

"Ẹ̀yin fúnra yín, Ẹ̀gbọ́n?" ni Keziah wí.

"Èmi ni. Torí mi ò fẹ́ kí ojú tì ọ́ nílé ọkọ ni mo ṣe fi ìrókò ṣe é. Kò sí ẹni tó rán mi."

Ògúnmọ́lá ti jáde sí wọn. Ojú rẹ̀ ti yí padà. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wá dójú tì mí lójú gbogbo ìjọ. Ta ni yóò tún gun ọkọ̀ mi?"

Japhet fi ẹsẹ̀ lé irin ẹ̀yìn lọ́rì, ó gòkè pẹ̀lú orúnkún tó ń dún, ó fi apá kan di òpó mú, ó sì gbé eyín ayùn lé òpó àkọ́kọ́ tó gbé òrùlé dúró. Bó bá ṣe ẹlòmíràn ni, Ògúnmọ́lá ì bá ti fà á lẹ́sẹ̀ sọ̀kalẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni ń fọwọ́ kan àna rẹ̀ lójú ìyàwó? Ó sún mọ́ ọn, ó dá ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, ó sì sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n, bí ẹ bá fi ayùn yẹn gé igi lọ́rì mi, ẹ má dé ulé mi mọ́. Ayẹyẹ, ọ̀fọ̀, ẹ má dé bẹ̀."

"Mo gbọ́," ni Japhet wí.

Ó fa ayùn. Ìrókò tó ti gbẹ fún ọdún méjì le bí irin. Fífà àkọ́kọ́ kàn ha ọ̀dà lára rẹ̀ ni. Ó tún un fà. Ní ìgbà kẹrin ni eyín ayùn wọlé, tí ìyẹ̀fun pupa bẹ̀rẹ̀ sí í dà sórí gèlè funfun àwọn tó jókòó nísàlẹ̀. Níwájú lọ́hùn-ún, Hassan na ọwọ́ sí kọ́kọ́rọ́, kò sì wo ojú ọ̀gá rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì kú.

Keziah wo ọkọ rẹ̀. Ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń làágùn sórí igi. Lẹ́yìn náà, ó na ọwọ́ sókè sí obìnrin tó jókòó sí etí lọ́rì. "Màmá Ṣubúọlá," ni ó wí, "ẹ di ọwọ́ mi mú, ẹ sọ̀kalẹ̀."

Wọ́n ń sọ̀kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹsẹ̀ wọn ń wọ inú ẹrẹ̀. Japhet kò bojú wẹ̀yìn kà wọ́n. Òpó méjìlá ló gbé òrùlé náà dúró; ó ti gé ọ̀kan, mọ́kànlá ló ṣì kù.