Ohùn Inú Ihò Ahoro

Bàlúùnù kejì bẹ́. Ihò àpáta náà gba ariwo rẹ̀, ó gbé e lu ògiri, ó gbé e lu àjà, títí ó fi rọra wọnú òkùnkùn lọ, bí ìgbà tí ènìyàn ń ti ilẹ̀kùn yàrá kan lẹ́yìn òmíràn.

Malikah na ìka sókè kí Démiládé má tíì mira. Ó ń kà nínú ọkàn rẹ̀. Nígbà tí ó ka ẹẹ́fà ni ó tó sọ ọwọ́ kalẹ̀.

"Èyí dára ju ti àkọ́kọ́ lọ," ni ó wí.

Ọdún mẹ́ta ni ó ti ń wá àyè láti dé ibí. Iṣẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì ni láti mọ bí ohùn ṣe ń rìn níbi tí àwọn ará àtijọ́ ti gbé: ẹ̀yìn odi, abẹ́ àpáta, ẹ̀gbẹ́ iléru tí wọ́n fi ń yọ irin. Bí bàlúùnù bá bẹ́, rẹ̀kọ́dà yóò gba bí ibẹ̀ ṣe dáhùn. Kọ̀ǹpútà yóò wá fi ìdáhùn yẹn tún ibẹ̀ kọ́, débi pé ẹni tó jókòó sí Ìbàdàn lè fi íápíìsì sétí kí ó gbọ́ ohùn ara rẹ̀ bí ẹni pé inú ihò gan-an ni ó wà. Nínú gbogbo wọn, Ihò Ahoro ni ó wù ú jù. Àwọn àgbà ní ibẹ̀ ni àwọn ará ìlú kan tó ti tú sá pamọ́ sí nígbà ogun àtijọ́. Malikah fẹ́ mọ ohun tí etí wọn gbọ́.

Ọmọ Ìlobùú ni òun. Démiládé, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, ọmọ Ìfọ́n-Ọ̀ṣun ni. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ jọ wá ni, nítorí orí ilẹ̀ tí ìlú méjèèjì ń fà mọ́ra wọn lọ́wọ́ ni ihò náà wà. Wọ́n ti kọ lẹ́tà sí ààfin méjèèjì, ààfin méjèèjì sì ti yọ̀ǹda fún wọn.

"Malikah," Démiládé wí, "tẹ́tí sí ìta."

Ó yọ íápíìsì kúrò létí. "N kò gbọ́ nǹkan kan."

"Ohun tí mo ń sọ nìyẹn."

Láti àárọ̀ ni wọ́n ti ń gbọ́ ìró ọkọ́ nínú oko tó wà nísàlẹ̀ àpáta, àti ẹ̀rín àwọn obìnrin, àti rédíò kan tí wọ́n so mọ́ ẹ̀ka igi kaṣú. Nísinsìnyí rédíò nìkan ni ó ń sọ̀rọ̀.

Wọ́n jáde. Ọkọ́ dùbúlẹ̀ sórí ebè. Abọ́ gààrí kan ti dojú dé, omi rẹ̀ ṣì ń ṣàn lọ sínú poro. Ẹsẹ̀ bàtà kan ṣoṣo wà lójú ọ̀nà, kò sí ìkejì rẹ̀. Kò sí ènìyàn kankan.

"Wọ́n rò pé ìbọn ni," Démiládé wí.

Malikah wo ẹsẹ̀ bàtà náà. Ó ti ro ti ọba, ó ti ro ti àwọn ìjòyè, ó ti lọ fi tó àwọn ọlọ́pàá létí. Kò ro ti àwọn tó ń roko. Ọdún kejì rèé tí ìjà ńlá ti ṣẹlẹ̀ lórí ilẹ̀ yìí, àwọn ènìyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ní ìgboyà láti padà sóko ni. Bí àwọn tó sá lọ yìí bá dé ilé, Ìlobùú yóò ní Ìfọ́n ti gbé ìbọn wọ oko, Ìfọ́n yóò ní Ìlobùú ni. Kí oòrùn tó kan àtàrí, ó lè ti di nǹkan mìíràn.

Démiládé gbé fóònù sókè, ó gbé e sí ọ̀tún, ó gbé e sí òsì. Kò sí nẹ́tíwọ̀kì. Ó sáré gun ọ̀kadà rẹ̀. "Màá kọ́kọ́ dé Ìfọ́n, tí mo bá débẹ̀ màá pe Ìlobùú. Ìwọ dúró. Ẹni tó bá padà wá, fi bàlúùnù hàn án."

Nígbà tí ìró ọ̀kadà náà ti jìnnà, Malikah padà sínú ihò láti kó ẹrù. Kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀ díẹ̀, ó fi íápíìsì sétí, ó sì tẹ rẹ̀kọ́dà. Bàlúùnù kejì bẹ́. Ariwo náà lọ, ó rọ, ó tán.

Lẹ́yìn tí ó tán, ẹnì kan sọ̀rọ̀.

"Dákẹ́, ọkọ mi. Wọ́n ń bọ̀. Dákẹ́."

Ó dá a padà, ó tún un gbọ́. Ó tún un gbọ́ lẹ́ẹ̀kẹta. Ohùn arúgbó obìnrin ni, ó rẹlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí etí lásán kò lè gbọ́ ọ. Fún ìṣẹ́jú kan, pẹ̀lú gbogbo ìwé tó kà, ó gbà pé ẹ̀rọ òun ti bá àwọn ará àtijọ́ pàdé.

"Bísímílláhì," ni ó wí. Ó tan iná fóònù, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì wọ inú lọ́hùn-ún.

Lẹ́yìn òkúta kan tó ti ya lulẹ̀, ìyá àgbàlagbà kan jókòó, ó fi ẹ̀yìn ti ògiri. Ó gbá ìdì aṣọ kan mọ́ àyà pẹ̀lú apá méjèèjì, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ bo orí ìdì náà. Létí aṣọ náà, ewé ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ yọ síta.

"Paná," ìyá náà wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Malikah pa á.

"Ṣé wọ́n ti lọ?"

Malikah kúnlẹ̀ nínú òkùnkùn. Ì bá rọrùn kí ó ní wọ́n ti lọ. "Kò sẹ́ni tó wá, mà. Èmi ni mo mú kí ó dún. Bàlúùnù ni, kì í ṣe ìbọn. Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ foríjì mí."

"Bàlúùnù? Èyí tí àwọn ọmọdé fi ń ṣeré?"

"Òun ni, mà."

Malikah gbọ́ bí ọwọ́ ṣe ń kúrò lára aṣọ, ìka kan lẹ́yìn òmíràn.

Ìyá Yésúfù ni wọ́n ń pè é. Ẹ̀yìn àpáta gan-an ni oko rẹ̀ wà, ihò kékeré kan sì wà níbẹ̀ tí ènìyàn lè gbà wọ Ihò Ahoro. Ibẹ̀ ni ó sá gbà lónìí nígbà tí ó gbọ́ ariwo àkọ́kọ́. Ibẹ̀ náà ni ó gbà lọ́jọ́ ìjà, pẹ̀lú ọmọ ọmọ rẹ̀, Azeemah, ọmọ oṣù mẹ́wàá.

"Àwọn kan dúró lẹ́nu ihò," ni ó wí. "Ihò yìí kì í bo ohùn, ọmọ mi. Ṣe ni ó máa ń gbé e jáde. Ọmọ fẹ́ ké, mo fi ọwọ́ bò ó lẹ́nu. Wọn kò tètè lọ. Nígbà tí wọ́n lọ, mo gbé ọwọ́ kúrò." Ó mí. "Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun tí a sá lọ ni a sin ín sí. Kò sí bí a ṣe fẹ́ gbé e délé."

Malikah kò bi í pé ta ni ó dúró lẹ́nu ihò. Kò bi í pé ìlú wo ni ilé rẹ̀ wà. Ìyá Yésúfù náà kò bi í pé ọmọ ibo ni.

Nígbà tí wọ́n jáde síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, ìyá náà rí rẹ̀kọ́dà. "Ṣé ohùn mi wọ inú èyí?"

"Ó wọ inú rẹ̀, mà. Bí ẹ bá ní kí n pa á rẹ́, màá pa á rẹ́."

"Jẹ́ kí n gbọ́ ọ ná."

Malikah rọra fi íápíìsì sí i létí. Ìyá Yésúfù ta gìrì nígbà tí bàlúùnù bẹ́, lẹ́yìn náà ó tẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ kan. "Ohùn ìyá mi àgbà nìyí," ni ó wí. "Báyìí gẹ́lẹ́ ni. Ìyá rẹ̀ ló gbé e pọ̀n wọ ibí, nígbà ogun. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń dá àwọn ọmọ lẹ́kun." Ó yọ ọ́ létí. "Má pa á rẹ́. Ṣùgbọ́n má gbé e sórí rédíò."

"N kò ní gbé e síbẹ̀, mà." Ó wu Malikah kí ó ṣe nǹkan kan fún un, nǹkan yòówù. "Bí ẹ bá fẹ́ pe orúkọ ọmọ náà níbí, mà… kò sẹ́ni tó ń gbọ́. Ihò náà á dá a padà fún yín."

Ìyá Yésúfù wo inú ihò náà fún ìgbà pípẹ́.

"N kò ní pè é níbí," ni ó wí. "Ó lè rò pé ó ti yá, kí ó jáde ní Ẹ̀rìn, kí ó máa wá mi bọ̀. Kò mọ̀nà."

Malikah gba ìdì ẹ̀fọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì jọ sọ̀kalẹ̀. Nísàlẹ̀, obìnrin méjì ti ń padà bọ̀ láàrin ebè, wọ́n ń wo ọ̀tún wo òsì. Ìyá Yésúfù júwọ́ sí wọn pé kò séwu. Ó ti ń sọ̀rọ̀ òjò tí kò tètè rọ̀ lọ́dún yìí, àti ti àwọn màlúù tó jẹ ẹ̀gẹ́ rẹ̀.

Ní oríta, níbi tí ọ̀nà Ìlobùú àti ti Ìfọ́n-Ọ̀ṣun ti pínyà, wọ́n gbọ́ ọ̀kadà. Démiládé ti ń pariwo kí ó tó dúró. "Ó ti parí o! Wọ́n ti gbọ́ ní ìhà méjèèjì! Àwọn ọmọkùnrin ti jáde sí gbàgede, ṣùgbọ́n wọ́n ti dá wọn padà!"

Malikah sọ nǹkan kan fún un.

"Kí lo wí?" Démiládé pa ọ̀kadà, ó wo ìyá náà, ó dọ̀bálẹ̀ kí i, ó sì tún yíjú sí Malikah. "Kí ló dé? Kí lo ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ fún?"

Malikah la ẹnu láti dá a lóhùn. Ìgbà náà ni ó mọ̀ pé láti ìgbà tí òun ti bá ìyá náà nínú ihò ni òun ti ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bẹ́ẹ̀, ó sì dúró níbẹ̀ nínú oòrùn, pẹ̀lú ìdì ẹ̀fọ́ láyà, ó ń wá ohùn rẹ̀.