Àgbàlá Ìyá Wenceslas

Àárọ̀ Sátidé ni Wenceslas kú. Òun àti ọkọ̀ akẹ́rù kan ni wọ́n pàdé níbi tí ọ̀nà Djaloukou ti fẹ́ já sí títì ọlọ́dà tí à ń pè ní gúdúrọ̀n, òun lórí alùpùpù rẹ̀. Kí wọ́n tó gbé e dé Savalou, ó ti dákẹ́. Katikíìsì, ẹni tó ń kọ́ ìjọ wa ní ẹ̀kọ́ ìsìn, ni wọ́n pè lórí fóònù pọ́tábù rẹ̀, nítorí kò sí ẹni tó máa ń ránṣẹ́ ikú ọmọ tààrà sí ìyá rẹ̀ lọ́dọ̀ tiwa. Katikíìsì ló wá bá àwa obìnrin nínú ilé Ọlọ́run ní Koko níbí, níbi tí a ti ń gbálẹ̀ de Mísà ọjọ́ kejì. Ó di férémù ilẹ̀kùn mú, ó ní, "Mẹ́tìrì Wenceslas ti lọ." Ẹnì kan nínú wa tún ń bi í pé, ó lọ síbo? Díẹ̀ ló kù kí n gbá a létí.

Ìyá Wenceslas fúnra rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Bó bá ti pín iṣẹ́ fún wa tán ní Sátidé, ọ̀nà Agoua ló máa ń gbà lọ, láti bẹ bàbá arúgbó kan wò tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e wá sí Mísà mọ́. Yóò fọ aṣọ bàbá náà, yóò se oúnjẹ fún un, wọn yóò jọ ka rósárì, kò sì ní í padà títí oòrùn yóò fi kan àtàrí. Katikíìsì ní àlùfáà ti ń bọ̀ láti Bantè. Bí obìnrin náà bá dé, àlùfáà ni yóò pè é wọlé, tí yóò mú un jókòó, tí yóò sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ fún un níwájú Ọlọ́run tó dá ọmọ náà. Iṣẹ́ tiwa kò ju pé kí a má jẹ́ kó gbọ́ ọ lójú ọ̀nà, lẹ́nu ẹni tí kò mọ bí a ṣe ń sọ̀rọ̀. Ohun kan ṣoṣo tí a lè ṣe fún un lọ́jọ́ yẹn nìyẹn, a kò sì rí i ṣe.

Laurence ni orúkọ tí wọ́n fi ṣe ìrìbọmi fún un, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń pè é bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ tó ti bí àkọ́bí rẹ̀ ló ti di Ìyá Wenceslas, fún ọmọdé, fún àgbà, fún àwọn Mùsùlùmí àdúgbò, fún ọkọ rẹ̀ Pierre-Claver pàápàá kí ọkùnrin náà tó kú. Ọmọ méjì péré ló bí. Wenceslas ń kọ́ àwọn ọmọ nílé ìwé ní Djaloukou, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Mẹ́tìrì. Yolande, àbúrò rẹ̀, wà nílé ọkọ ní Savalou, oyún inú rẹ̀ sì ti wọ oṣù tí yóò bí i. Méjì ti bà jẹ́ lára rẹ̀ ṣáájú èyí. Nítorí náà, bó bá ti di àsìkò àdúrà àwọn ìjọ, Ìyá Wenceslas yóò dìde, yóò gbé ohùn sókè fún oyún Yolande títí àlùfáà yóò fi wú ikọ́. Èmi náà máa ń rẹ́rìn-ín. Èmi tí n kò bí rárá, Florentine lásán ni wọ́n ń pè mí, àfi Wenceslas nìkan tó máa ń pè mí ní Ìyá Florentine, bí ẹni pé mo bí ara mi. Mo fẹ́ràn ọmọ náà gan-an. Kí n tó máa sọ nǹkan mìíràn, ẹ jẹ́ kí n ti wí ìyẹn.

Ìyá Wenceslas ló dá ẹgbẹ́ agbálẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú, àwọn olùbánikẹ́dùn dé, wọ́n bá ìgbẹ́ ewúrẹ́ àti ewé gbígbẹ káàkiri àgbàlá, wọ́n sì ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kọjá lọ kí òkú. Ìtìjú ọjọ́ náà dùn ún tó ikú. Ó ní kò tún ní í ṣẹlẹ̀ sí ẹnikẹ́ni mọ́ nínú ìjọ wa. Láti ìgbà náà, ilé Ọlọ́run ni à ń gbá ní Sátidé, ṣùgbọ́n bí ikú bá wọ ilé kan, ọjọ́ yòówù kó jẹ́, àgbàlá ilé náà la máa kọ́kọ́ gbá, kí ẹnikẹ́ni tó gbé àga síta, kí ẹnikẹ́ni tó sunkún. Débi pé bí àwọn èèyàn Koko bá rí obìnrin márùn-ún tó tò lọ́nà pẹ̀lú ìgbálẹ̀, wọn á bọ́ fìlà.

Bí katikíìsì ṣe lọ dúró de àlùfáà lẹ́bàá ọ̀nà, Sétou kó àwọn ìgbálẹ̀ jọ. Òun ló kéré jù nínú wa, inú ilé Mùsùlùmí ló ti wá, ó fẹ́ ọmọ ìjọ, kò sì sí ẹni tó di òfin ẹgbẹ́ mú tó o.

Mo ní, "Níbo lò ń kó wọn lọ?"

Ó ní, "Ilé Ìyá Wenceslas."

"Ṣé orí rẹ pé? Tó bá rí wa ńkọ́?"

"Ọ̀sán ni wọ́n máa dé, a ti parí nígbà yẹn. Àbí ṣé ti gbogbo ayé ni wọ́n á máa gbá, ká wá fi tiwọn sílẹ̀ bẹ́ẹ̀? Kí àwọn èèyàn Savalou gbé òkú dé, kí wọ́n bá ìgbẹ́ ewúrẹ́?"

Mo mú ìgbálẹ̀ tèmi, mo sì tẹ̀ lé wọn.

A gbá àgbàlá náà bó ṣe kọ́ wa, láti ìdí ògiri wá sí ojú ọ̀nà, láìsọ̀rọ̀. Ekuru kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ ẹni tó ń sunkún nínú wa. Moutiatou, ìyàwó Salifou, tí ògiri kan ṣoṣo wà láàárín ilé tiwọn àti ti Ìyá Wenceslas, kò tíì ti ọjà dé. Àga rẹ̀ la fẹ́ yá, nítorí náà a rán ènìyàn lọ pè é.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ kan ti sọ sí mi lọ́kàn, mo dáwọ́ dúró. Mo ní, "Bó bá dé, kí la máa pè é?"

Gbogbo wọn wò mí.

"Ṣé a máa kí i pé, ẹ kú àbọ̀, Ìyá Wenceslas? Ta ló lè la ẹnu rẹ̀ pe orúkọ yẹn fún un lónìí, kó má sunkún?"

Ẹnì kan ní kí a pè é ní Laurence. Sétou ní Ọlọ́run má jẹ́, ta ni òun tí òun yóò fi pe àgbà lórúkọ. Ẹlòmíràn ní kí a kúkú máa pè é ní Ìyá Yolande. Mo kígbe mọ́ ọn. Mo ní, ìyẹn gan-an ni yóò fi mọ̀, kí ẹnikẹ́ni má pè é ní nǹkankan, kí a sáà tẹrí ba, kí a dákẹ́. Wọ́n gbà bẹ́ẹ̀.

Ká sọ pé ó pẹ́ lọ́nà Agoua bó ṣe máa ń pẹ́ ni, bóyá ohun tí a pète ì bá bọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ọmọ bàbá arúgbó náà ti gbé e lọ sí Bantè lánàá, kò sì sí ẹni tó ránṣẹ́ sọ fún un. Ilẹ̀kùn tí wọ́n tì pa ló bá. Ó yí padà, ó gba ilé Ọlọ́run wá, kò bá ẹnì kankan níbẹ̀, kò sì bá ìgbálẹ̀ kankan. Ó mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Òun ló kọ́ wa.

Ohùn rẹ̀ la kọ́kọ́ gbọ́ láti ojú ọ̀nà, ó ń dá sọ̀rọ̀ bí ẹni pé a wà níwájú rẹ̀, ó ń bínú, ó tún ń rẹ́rìn-ín. "Ta ló kú nílùú yìí tí ẹ ò pè mí? Ẹ ti sọ mí di àlejò nínú ẹgbẹ́ tí mo dá sílẹ̀, àbí? Ẹ jẹ́ kí n mú ìgbálẹ̀ tèmi ná, màá bá yín níbẹ̀!" Ìgbálẹ̀ tirẹ̀ ló ń bọ̀ wá mú nínú ilé, kó lè lọ bá wa gbá ilé ọlọ́fọ̀.

Ó yọ sí wa. Ó rí wa. Ẹ̀rín náà ṣì wà lójú rẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn tó ti kúrò nínú ohùn rẹ̀. Ó wo ilẹ̀ tó mọ́, ó wo Sétou, ó wo ewé tí a kó jọ.

Ó ní, "Ilé mi ni."

A tẹrí ba bí a ṣe jọ sọ ọ́. Mo fẹ́ lọ dì mọ́ ọn, ìgbálẹ̀ ọwọ́ mi ni mo dì mú.

"Ẹ má tíì sọ nǹkankan fún mi," ló wí. "Mo bẹ̀ yín. Ẹ jẹ́ kí n gbá a dé ìdí máńgòrò yẹn ná." Ó na ọwọ́, ó gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ mi, ó sì tẹ̀ ba. Ibi tí a ti gbá tán ló ń gbá. Ètè rẹ̀ ń mì. Mo rò pé rósárì ló ń kà. Ọmọ méjì ló ní, bí kò sì sí ẹni tó tíì la ẹnu, àwọn méjèèjì ṣì wà láàyè fún un. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, mo sì ń gbàdúrà pé kí àlùfáà má tíì dé, kí máńgòrò náà jìnnà sí i. Omi ń bọ́ lójú mi, n kò nù ún.

Ìgbà náà ni Moutiatou wọlé. Kò sí níbẹ̀ nígbà tí a sọ ohun tí a sọ. Ó ti gbọ́ ikú náà lọ́jà, ó sáré wá, ìborùn rẹ̀ ti bọ́ sí èjìká. Ó rí obìnrin náà níbi tó ti tẹ̀ ba tó ń gbálẹ̀ ilé ara rẹ̀, àánú sì ṣe é. Kò sí ẹni tó ní ọkàn rere tó Moutiatou. Òun náà ronú irú ohun tí a rò, ó wá orúkọ tí kò ní í fi ọ̀bẹ kan ọgbẹ́.

Ó ní, "Ìyá Yolande! Áà, Ìyá Yolande, ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ dákun, ẹ jókòó."

Ìgbálẹ̀ náà dúró.

"Kí lẹ pè mí?"

Moutiatou fi ọwọ́ bo ẹnu. Ó ti pẹ́ jù.

Ìyá Wenceslas nàró díẹ̀díẹ̀. Èmi ló wò, bí ẹni pé èmi ni mo mọ ìdáhùn tó kù, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ sórí erùpẹ̀ tí a ti gbá mọ́. Mo lọ kúnlẹ̀ tì í. Ọwọ́ rẹ̀ tutù.

"Florentine," ó ní, "Yolande ni mo ń bẹ Ọlọ́run fún. Látìgbà tí mo ti gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ ẹ. Mo ní, Olúwa, kó má jẹ́ Yolande. Kó má jẹ́ Yolande, nítorí oyún inú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ń wí ṣáá." Ó di ọwọ́ mi mú pinpin. "N kò dárúkọ ọmọkùnrin mi rárá."