Ẹ̀ṣọ́ Ẹnu Ọ̀nà Àṣá

"Búráúsà yín kò kún ojú òṣùwọ̀n. Àṣá nìkan ni kí ẹ fi wọlé."

Lẹ́tà pupa ni, gàdàgbà-gàdàgbà, lójú kọ̀ǹpútà. Obìnrin tó jókòó síwájú rẹ̀ kò nílò láti kà á lẹ́ẹ̀kejì. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ ní ọdún mọ́kàndínlógún sẹ́yìn, tí ọ̀gá rẹ̀ rẹ́rìn-ín, tó ní ọ̀rọ̀ náà le bó ṣe yẹ kó le.

"Ṣé ó ti wọlé?" ìyá rẹ̀ bèèrè láti orí àga.

"Kò tíì wọlé, Màmá. Ẹ ní sùúrù."

Ojú ọ̀tún màmá ti lọ. Tòsì ni wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún. Àná ni ilé ìwòsàn pè pé àyè ṣí sílẹ̀, àmọ́ fọ́ọ̀mù gbọ́dọ̀ wọlé kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ òní tó lù, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ó di ọdún tó ń bọ̀. Dókítà kò sì fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ: ojú yẹn kò lè dúró di ọdún tó ń bọ̀.

Láyé ọjọ́un, búráúsà márùn-ún ló ń du ipò èyí tí gbogbo ayé máa fi wo orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Àṣá ni ti iléeṣẹ́ tí obìnrin náà ń bá ṣiṣẹ́. Wọ́n ń fi í sínú kọ̀ǹpútà tuntun lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n tún ń bá ilé ìwòsàn àti iléèwé kọ́ ojú òpó ayélujára lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n sì ń fi ẹ̀ṣọ́ sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀: ẹni tí kò bá lo Àṣá, kó máa padà lọ sílé. Ọ̀fẹ́ wo ló tún wọ́n jùyẹn lọ? Obìnrin yìí ló mú àbá ẹ̀ṣọ́ náà wá sí ìpàdé, wọ́n sì pàtẹ́wọ́ fún un. Nígbà tó yá, búráúsà mìíràn dé, ó yá ju Àṣá lọ, ó tún wà lórí fóònù, ó sì gba ayé mọ́ wọn lọ́wọ́ láàárín ọdún mẹ́rin. Iléeṣẹ́ kógbá sílé. Wọ́n da obìnrin náà àti ẹgbẹ́ rẹ̀ nù bí omi ìṣanwọ́. Ẹ̀ṣọ́ nìkan ni kò gbọ́ pé ọ̀gá òun ti kú.

Obìnrin náà dán ọgbọ́n tí gbogbo oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà mọ̀ wò. Kò sí búráúsà tí kì í parọ́ orúkọ. Bí ojú òpó bá bi í pé ta ni, á ní ẹlòmíràn lòun, kí wọ́n lè ṣílẹ̀kùn. Ó ní kí tirẹ̀ sọ pé Àṣá lòun. Lẹ́tà pupa tún yọ. Ìgbà náà ló rántí pé òun ti ronú kan irọ́ yìí lọ́jọ́ kìíní, òun sì ti kọ́ ẹ̀ṣọ́ láti máa fún àlejò ní iṣẹ́ tí Àṣá nìkan lè ṣe. Ọ̀sẹ̀ méjì ló fi dí ihò yẹn, ó sì dí i dáadáa. Àfọwọ́fà ni.

Ó pe ilé ìwòsàn. Wọ́n ní kí òun àti màmá máa bọ̀, pé ó ku kọ̀ǹpútà kan tí Àṣá ṣì wà nínú rẹ̀.

Nínú takisí, màmá na ọwọ́ sí i. "Dẹ́rẹ́bà, ọmọ mi yìí ló ṣe Àṣá o!"

"Kí ni Àṣá, Màmá?"

"Ohun tí gbogbo ayé fi ń ríran nínú kọ̀ǹpútà ni."

Ojú ti obìnrin náà. Láti ìgbà tí iléeṣẹ́ ti kú ló ti ń bẹ màmá pé kó panu mọ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Màmá kì í gbọ́. Kò sí aládùúgbò, kò sí nọ́ọ̀sì tí kò tíì sọ fún.

Aago kan kù díẹ̀ nígbà tí wọ́n dé. Ara kọ̀ǹpútà náà ti pọ́n bí eyín arúgbó, wọ́n sì kọjú fáànù sí i kó má baà gbóná. Èèyàn mẹ́rìndínlógún ló wà níwájú wọn lórí bẹ́ǹṣì, ọ̀pọ̀ wọn ló fi báńdéèjì di ojú kan.

"Fọ́ọ̀mù kan, ìṣẹ́jú mẹ́wàá," ni akọ̀wé wí. "Bó bá dákú, ẹ bá mi ní sùúrù."

"Ẹ ò ṣe ní kí wọ́n mú ẹ̀ṣọ́ yẹn kúrò?" obìnrin náà bèèrè.

"Ta ló máa mú un kúrò? Àwọn tó ṣe é ti lọ, ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀ sì bá wọn lọ. Ẹni tó ṣe irú èyí, kò ní aláìsàn nílé."

Obìnrin náà ń wo ilẹ̀.

Ní ogún ìṣẹ́jú kí aago mẹ́rin lù, ó kan bàbá kan tó ń fi ọ̀pá rìn, ẹni tó kẹ́yìn ṣáájú màmá. Ó ní ìgbà kẹta òun rèé, pé lọ́dún tó kọjá, ó ku ẹni kan kó kan òun ni wọ́n tilẹ̀kùn. Bó ṣe jókòó ni kọ̀ǹpútà dákú. Akọ̀wé lu orí rẹ̀, kò jí. Obìnrin náà dìde, ó tẹ bọ́tìnì mẹ́ta pọ̀, Àṣá sì padà tòun ti fọ́ọ̀mù bàbá.

"Háà! Ta ló kọ́ yín?"

"Òun ló ṣe é!" Inú màmá dùn débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dìde. "Ọmọ mi ló ṣe Àṣá! Òun náà ló ṣe ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà yẹn!"

Ẹyin lohùn. Gbogbo bẹ́ǹṣì yí ojú sí obìnrin náà.

"Ẹ̀yin lẹ ní kó má ṣí lórí fóònù ọmọ mi?" bàbá bèèrè. Kò pariwo. "Kí ló dé?"

"A fẹ́ borí ni, bàbá."

"Ta lẹ fẹ́ borí?"

Ó mọ orúkọ àwọn búráúsà tí Àṣá bá du ipò, gbogbo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó wo bẹ́ǹṣì láti orí dé ìdí, kò sí ọ̀kankan nínú wọn níbẹ̀.

Fọ́ọ̀mù bàbá wọlé nígbà tó ku ìṣẹ́jú mẹ́fà. Obìnrin náà fúnra rẹ̀ ló jókòó ti màmá, ó ń kọ fọ́ọ̀mù tiwọn kíákíá. Ojú ìwé kẹta nínú mẹ́rin ló dé tí aago mẹ́rin fi lù. Ojú òpó pa ara rẹ̀ dé. Akọ̀wé tẹ̀ ẹ́, ó tún un tẹ̀, ó sì mi orí.

"Ṣé ó ti wọlé?" màmá bèèrè.

"Rárá, Màmá."

Takisí tí wọ́n wọ̀ padà, ọlọ́yàyà ni dẹ́rẹ́bà rẹ̀. Ó wò wọ́n nínú dígí. "Màmá, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ṣé ọmọ yín nìyí? Iṣẹ́ wo ni wọ́n ń ṣe?"

Obìnrin náà múra sílẹ̀ fún ìtìjú bó ṣe máa ń ṣe.

"Ọmọ mi ni," màmá dáhùn, ó sì kọjú sí fèrèsé.

Obìnrin náà dúró de ọ̀rọ̀ Àṣá tó máa ń tẹ̀lé e. Wọ́n kọjá afárá, wọ́n yà sí àdúgbò wọn, ó ṣì ń retí rẹ̀. Nígbà tí dẹ́rẹ́bà dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé, màmá na ọwọ́, ó ń fọwọ́ wá ilẹ̀kùn takisí, kò sì bèèrè ìrànlọ́wọ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.