Abẹ́ Lẹ́tà

3.
…tí ọ̀dà funfun sì gbẹ mọ́ ọn léèékánná. Ọdún mọ́kànlá ni Bọ́láwárìn fi ń kọ àkọlé fíìmù sórí páálí dúdú, nílé iṣẹ́ fídíò kan l'Ónírèké. Á kọ ọ́, kámẹ́rà á yà á, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́ iwájú fíìmù. Gbogbo Dùgbẹ̀ ló dá ọwọ́ rẹ̀ mọ̀.

4.
ÌKÉDE (lára ògiri, oṣù kẹta, 1996)
Láti ọjọ́ Ajé, kọ̀ǹpútà ni a ó máa fi ṣe àkọlé. Kaosarah, òṣìṣẹ́ wa tuntun, ni yóò máa ṣe é. Kí Bọ́láwárìn máa bá a yẹ àmì ọ̀rọ̀ wò.
— Akíndúró, Ọ̀gá

5.
Ó kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Òun, ayẹ-àmì-wò!

6.
Ohun tí ọmọ náà lè ṣe:
lẹ́tà tó ń fò wọlé bí ẹyẹ
lẹ́tà tó ń dán bíi góòlù
kí ọ̀gá máa rẹ́rìn-ín láàárọ̀

7.
Oníbàárà kan, Ọ̀gbẹ́ni Ayẹni, gbé fíìmù wá. Ìyá rẹ̀ tó ti di olóògbé, Àmọ̀kẹ́, ló dá lé lórí: obìnrin tó fi ọkọ̀ akẹ́rù tọ́ ọmọ márùn-ún. Àkọlé: ỌKỌ̀ ÀMỌ̀KẸ́.

Kọ̀ǹpútà ò gbọ́ Yorùbá. Kaosarah ló ń fọwọ́ to àmì sí i, ẹyọ kan, ẹyọ kan, bí ẹni ń sín ìlẹ̀kẹ̀.

8.
KAOSARAH: Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó. Ojú ti ń ro mí.
(Bọ́láwárìn tẹjú mọ́ àkọlé náà.)
KAOSARAH: Ṣé ó pé?
BỌ́LÁWÁRÌN: Ó pé.

9.
Kò pé. Nínú ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́, abẹ́ O méjèèjì ṣófo, orí èkejì náà ṣófo. Ó rí i kedere.

10.
Ọjọ́ ìfihàn, gbọ̀ngàn kan ní Bódìjà. Ó fò wọlé, ó ń dán:

OKO   ÀMỌ̀KẸ́

"Àṣé àgbẹ̀ ni ìyá yìí!" lẹnì kan kígbe. Ẹlòmíràn kà á lọ́nà tí a kì í kà á lójú àgbà. Ẹ̀rín bo gbogbo ilé. Ayẹni dìde, ó jáde.

11.
AKÍNDÚRÓ: Mo ní kí Bọ́láwárìn máa bá ọ yẹ̀ ẹ́ wò. Ṣé o fi hàn án?
(Bọ́láwárìn ń wo bàtà rẹ̀.)
KAOSARAH: Rárá, sà. Mo kánjú ni.

12.
Kaosarah, iṣẹ́ rẹ pin lónìí.
— Ọ̀gá

13.
Wọ́n dá páálí dúdú padà fún Bọ́láwárìn. Ó yẹ kínú ẹ̀ dùn. Kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé èèyàn lè jowú ìwà ẹlòmíràn ju iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ lọ.

14.
Ọjọ́ kẹta. Àdúgbò Agbowó, ilé Kaosarah. Ó kan ilẹ̀kùn.

KAOSARAH (láti inú ilé): Ta nìyẹn?

15.
Ó lanu: "Èmi ni. Mo rí i pé kò pé, mo ní ó pé."