"Mo Ń Bọ̀" Ti Fọláṣadé

Ẹ̀yin tèmi, ẹ fẹ̀yìn ti ògiri, ẹ nasẹ̀. Ìtàn tí mo mú wá kò gùn, àmọ́ ó korò. "Mo ń bọ̀" ló dá a sílẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n: ẹni tó ń jáde lọ ló ń wí pé òun ń bọ̀.

Láyé ìjọba ológun ni, nígbà tí à ń tò kí a tó rí ọṣẹ àti mílíìkì rà. Kúlúsúmù àti Fọláṣadé jọ jẹ́ nọ́ọ̀sì ní ọsibítù kan nílùú Ẹdẹ. Kúlúsúmù ló dàgbà; òun ló kọ́ Fọláṣadé bí a ti ń di egbò. Wọ́n pín wọ́ọ̀dù: ọwọ́ fèrèsé ni ti Kúlúsúmù, ọwọ́ ilẹ̀kùn ni ti Fọláṣadé. Ìjọba wá kéde pé ẹnìkan ń bọ̀ wá fi aago wọ̀n bí nọ́ọ̀sì ṣe ń lo àkókò. Wọn ò sọ ọjọ́. Ẹni tó bá ń fi àkókò ṣòfò, ilé yá.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Fọláṣadé gbé àpò kọ́ apá.

"Àǹtí mi, wọ́n ní mílíìkì ti dé sọ́jà, ọmọ mi ò sì rí nǹkan mu. Mo ń bọ̀."

"Àbọ̀ rẹ mà kì í yá o!"

"Ẹ ṣe bí ẹni pé mo ti dé."

Kúlúsúmù rò ó pé bí oníṣẹ́ ìjọba bá yọ lójijì, ọ̀rẹ́ òun gbé. Ọwọ́ ilẹ̀kùn ló kọ́kọ́ dojú kọ. Ó tú egbò, ó dì í, ó tẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó fún àwọn aláìsàn ní oògùn. Bó ti parí ni Fọláṣadé gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Oníaago náà wọlé tẹ̀ lé e.

"Ta ló ni ọwọ́ ilẹ̀kùn?"

"Èmi ni, sà," ni Fọláṣadé dáhùn.

"O káre. Ọwọ́ fèrèsé ńkọ́? Oòrùn ti ga, ẹ ò tíì fọwọ́ kan ẹnì kankan!"

Kúlúsúmù wo Fọláṣadé. Fọláṣadé ń wo aago.

"Àǹtí ti ń dàgbà ni, sà. Ọwọ́ wọn ti ń falẹ̀."

Aláìsàn kan, Sìmbíátù, fẹ́ sọ̀rọ̀. Oníaago ní, "Màmá, ẹ sinmi, ẹ̀yin kọ́ là ń wọ̀n."

Kúlúsúmù yanu, ó rí agolo mílíìkì tó yọrí nínú àpò, ó rántí ọmọ tó fẹ́ mu ún. Ó panu dé. Bí ikú ilé ò pani, tòde ò lè pani.

Ọ̀sẹ̀ yẹn ò tán tí wọ́n fi ní kó máa lọ. Ó di ẹrù, ó wọ ọkọ̀ Ara, ìlú bàbá rẹ̀. Fọláṣadé sáré bá a lẹ́nu géètì, omijé lójú.

"Àǹtí mi, ẹ má lọ báyìí! Ẹ sọ̀ kalẹ̀ ká sọ ọ́."

Kúlúsúmù ò wẹ̀yìn.

"Mo ń bọ̀," ló wí.

Kò bọ̀ mọ́.

Sìmbíátù yẹn, tí Kúlúsúmù di egbò ẹsẹ̀ rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà, ló sọ ọ́ fún ìyá mi. Lẹ́nu ìyá mi ni mo ti gbọ́ ọ.