Àwo Mama Wilma

Ọ̀rọ̀ Gíríìkì kan ṣoṣo ni Pásítọ̀ Loren Kuipers ti fi wàásù láti ọ̀sẹ̀ mẹ́rin: *aiteite*, ẹ béèrè. Bí Gíríìkì bá ti dé ẹnu Pásítọ̀, kì í tètè gbé e mì.

"Ẹ̀yin ará, kì í ṣe ìbéèrè ẹ̀ẹ̀kan ni Jésù ń wí! Bó ṣe wà nínú Gíríìkì, ẹ máa béèrè ni. Ẹ béèrè lónìí, ẹ béèrè lọ́la, kó má sú yín!"

Àwọn ará ń tòògbé. Mama Wilma Zylstra nìkan lojú rẹ̀ là kedere.

Lọ́dún méjì sẹ́yìn, nígbà tí ìyàwó Pásítọ̀ bímọ, Mama fi àwo dígí rẹ̀ gbé pòtétò oníwàrà lọ kí wọn. Àwo tí Pásítọ̀ dá padà jọ tirẹ̀ bí ìbejì, ṣùgbọ́n kò sí nǹkan kan ní ìdí rẹ̀. Ní ìdí ti Mama Wilma, Harm ọkọ rẹ̀ ti kọ ọ̀rọ̀ sórí téèpù, kí àwo má baà dàrú níbi oúnjẹ ìjọ. Harm ti kú báyìí; kì í kọ lẹ́tà nígbà ayé rẹ̀, ọ̀rọ̀ orí téèpù yẹn nìkan ni ìkọ̀wé rẹ̀ tó kù. Mama béèrè lẹ́ẹ̀kan, ó dákẹ́, nítorí ní abúlé wọn ní Iowa, aláìnítìjú ní í béèrè lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀rọ̀ náà ń dùn ún wọra.

Ní àárọ̀ Mọ́ńdè lẹ́yìn ìwàásù náà, Mama kan ilẹ̀kùn Pásítọ̀.

"Pásítọ̀, àwo mi dà?"

"Ẹ̀yin Mama, ṣebí mo ti dá a padà? Àwo ni àwo ń jẹ́!"

"Mo gbọ́. Mò ń béèrè ni."

Ní Túsìdeè, ó pè é lórí fóònù. Ní Wẹ́sìdeè, níbi àdúrà, lẹ́yìn tí wọ́n gbàdúrà fún eékún Díákónì Arlo, ó dìde: "Ẹ bá mi bẹ Ọlọ́run nítorí àwo mi tó há sílé Pásítọ̀."

"Mama! Ẹ fẹ́ fi mí ṣẹ̀sín ni?"

"Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi. Àbí kí n pa Gíríìkì tì?"

Ní ọjọ́ Ìsinmi, wọ́n jẹun pọ̀ lẹ́yìn ìsìn. Ẹ̀wà tí ìyàwó Pásítọ̀ sè dùn, Pásítọ̀ kò sì fẹ́ kí èyí tó kù ṣòfò. Ó gbé àwo sókè, ó ń fi ṣíbí ha á sẹ́nu. Díákónì Arlo, tó jókòó ní iwájú rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìdí àwo sókè:

"'Ti Wilma mi ni o. Ẹ dá a padà.'"

Pásítọ̀ fẹ́ sáré lọ fọ àwo.

"Ẹ má fọ̀ ọ́!" Mama Wilma gbà á, ó gbá a mọ́ àyà. Omi ẹ̀wà ń ṣàn sára aṣọ ìsìn rẹ̀, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó fi ìka tọ ọ̀rọ̀ "mi" yẹn lẹ́ẹ̀mẹta.

Pásítọ̀ gbé Gíríìkì mì.

"Mama, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí."

Mama Wilma nu ojú rẹ̀.

"Mo gbọ́," ó ní. "Ẹ máa béèrè."